Kíkẹ́rù lọ sílé tuntun ní Ìkòròdú: ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí àti ìdáhùn wọn

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń bá àwọn èèyàn kẹ́rù ní Ìkòròdú àti agbègbè rẹ̀: láti Kétu wá sí Ágíríìkì, láti Sábo dé Ìjẹ̀dẹ́, láti Ìgbògbò dé Ìmọ̀tà. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn bí mo bá rí ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá ra nǹkan sílé díẹ̀díẹ̀, tí ìdajì rẹ̀ wá fọ́ láàárín wákàtí méjì. Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé kì í ṣe orí títì márosẹ̀ ni ẹrù ti ń bàjẹ́. Láti ibi tí ọkọ̀ bá ti yà kúrò lórí títì títí dé ẹnu géètì yín, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà àdúgbò fi pọ̀ nínú àwọn ìdáhùn mi.

Ó yẹ kí ìmúra ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó ṣáájú ọjọ́ tí mo fẹ́ kó?

Tó bá jẹ́ yàrá kan, ọjọ́ mẹ́wàá tó. Yàrá kan àti pálọ̀, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fúláàtì oníyàrá mẹ́ta tí ọmọ wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, oṣù kan gbáko ni, kó má dín. Ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ sanwó. Ìyá kan sanwó ilé ní Ògólóńtó, wọ́n ní kó máa kó bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ayálégbé tó wà nínú ilé yẹn kò jáde fún oṣù méjì. Màmá náà ti di gbogbo ẹrù pa, inú páálí ló sì ti ń wá ìkòkò ọbẹ̀ lójoojúmọ́ títí ilé fi ṣófo.

Kí ẹ tó di ohunkóhun, ẹ pín ẹrù ná. Èyí tó ń bá yín lọ, èyí tí ẹ máa fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, èyí tí ẹ máa tà fún àwọn tó ń ra àlòkù kiri, èyí tó jẹ́ pé ààtàn ló kàn. Bàtà ọmọ tí ọmọ náà ti di ọmọ girama, rédíò tó ti kú láti ọdún mẹ́ta, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀: ẹ má sanwó ọkọ̀ lórí wọn.

Kí ni kí n yẹ̀ wò nínú ilé tuntun kí ẹrù kankan tó dé ibẹ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn òjò. Kì í ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé tí oòrùn ràn tí alágbàtà ń rẹ́rìn-ín sí yín. Ẹ jẹ́ kí òjò ńlá kan rọ̀, kí ó dá, kí ẹ wá gbéra. Ẹ fẹsẹ̀ rìn láti bọ́ọ̀sì-stọ́ọ̀pù dé ẹnu géètì. Ẹ wo bí omi ṣe ń lọ, ẹ wo bí ojúgọ́tà bá dí, ẹ wo ibi tí ipa táyà ti jìn. Bí ipa táyà bá jìn tó kókósẹ̀ yín, káńtà tó ru ẹrù kò ní rọrùn níbẹ̀. Ẹ tún wo òkè: wáyà iná tó rọ̀ sílẹ̀ lè há mọ́ ẹrù tí a tò ga.

Nínú ilé, ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri. Bí ẹ bá rí ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó lọ gbọọrọ yí yàrá ká, tàbí ọ̀dà tuntun tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n kùn, omi ti wọ ilé yẹn rí. Ẹ bi ará ilé kejì, ẹ má bi alágbàtà.

Lẹ́yìn ìyẹn, omi mímu àti omi ìfọṣọ. Ọ̀pọ̀ bọ̀húùlù àti kànga lágbègbè wa ni omi wọn ní ìpáàrà irin. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn ọ́n, á mọ́ lóló bí omi òjò. Ẹ rọ ọ́ sínú ike funfun kan, ẹ dé e, ẹ gbé e sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Bí ó bá ní ìpáàrà, ẹ ó rí i tó pọ́n bí omi ẹrẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á sì ti sùn sísàlẹ̀ ike. Irú omi bẹ́ẹ̀ ló ń sọ aṣọ funfun ọmọ ilé ìwé di aláwọ̀ ewúsá. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ má gba ilé náà, àmọ́ ẹ ti mọ̀ pé ẹ máa nílò asẹ́, tàbí pé ẹ máa ra omi. Ẹ fi owó rẹ̀ kún owó ilé nínú ọkàn yín.

Ó ku ìwọ̀n. Ẹ mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ẹ fi wọn ìbú bẹ́ẹ̀dì, ẹ so kókó kan. Ẹ fi wọn fíríìjì, ẹ so kókó kejì. Ẹ fi wọn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ so kẹta. Ẹ wá gbé okùn náà lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé tuntun àti sí ojú àtẹ̀gùn. Àga pálọ̀ ẹnìkan ṣì wà níta lábẹ́ tapólì ní Ọwútù fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí pé kò gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá.

Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó gbé ilé náà rí ló lè ní ìkejì rẹ̀.

Àdúgbò wo ni omíyalé ti ń dà láàmú?

Àwọn tó wà lọ́nà Ajégúnlẹ̀, Iráwọ̀ àti apá kan Májídún mọ ìdáhùn yìí ju èmi lọ. Odò Ògùn ló ń ṣàn bọ̀ wá sọ́dọ̀ wọn. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn lókè, ìdídò Ọyán wà níbẹ̀. Bí òjò bá pọ̀ tí ìdídò náà kún, wọ́n á tú omi sílẹ̀, omi náà á sì tọ odò wá sísàlẹ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, omi lè dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹni tí òjò kò rọ̀ lójúlé rẹ̀ lọ́jọ́ náà rárá.

Bí ẹ bá ń lọ sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹ gba òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bí ẹ bá rí i gbà. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ náà ló wà, ẹ ra bíríkì kí ẹ tó kó dé, kí fíríìjì, àpótí aṣọ àti àpò ìrẹsì má ṣe fara kan ilẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Oṣù wo àti ọjọ́ wo ló dára jù?

Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni ilẹ̀ máa ń gbẹ. Oṣù Kẹfà ni mo máa ń bẹ̀rù jù, nítorí òjò rẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹni tí owó ilé rẹ̀ bá parí lágbedeméjì ọdún, kó fojú sí ìdáwọ́dúró òjò inú oṣù Kẹjọ. Ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà míì mẹ́ta, ilẹ̀ á gbẹ díẹ̀, ọkọ̀ á sì rìn.

Ní ti ọjọ́, àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Sátidé tàbí ọjọ́ Àìkú ni mo fẹ́ràn. Kí ọkọ̀ ti gbéra ní agogo mẹ́fà ààbọ̀. Bí ẹ bá ń ti Kétu bọ̀, ọjà Máìlì 12 ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ tòmátì àti àlùbọ́sà tó dí ibẹ̀ pa. Bí ẹ bá ń lọ síhà Odógunyàn, tírélà àwọn ilé iṣẹ́ wà lójú ọ̀nà Ṣágámù, bí ọ̀kan bá bàjẹ́ láàárín títì, ọjọ́ yín ti lọ. Ẹ sì kìlọ̀ fún awakọ̀ yín pé kó má ṣe bọ́ sójú ọ̀nà BRT, ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì BRT nìkan. Láti ọdún 2015 tí ọ̀nà náà ti dé Ìkòròdú ni àwọn akẹ́rù kan ti ń rò pé ibẹ̀ yá. Bí wọ́n bá mú ọkọ̀ náà, ẹrù yín wà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọ́ ọ lọ.

Ẹ má gbàgbé Orò. Ìkòròdú ṣì ń bọ̀wọ̀ fún ìṣẹ̀ṣe. Ọjọ́ tí Orò bá jáde, pàápàá lásìkò ọdún Magbó, obìnrin kì í rìn níta. Wọ́n a máa kéde ọjọ́ náà ṣáájú, torí náà ẹ bi àgbà àdúgbò kí ẹ tó sanwó ọkọ̀. Ẹbí tí ìyá ilé ò lè jáde, ta ni yóò sọ ibi tí a ó gbé ìkòkò sí?

Onílé tuntun ní kí n san owó ọdún méjì. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́?

Rárá. Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà mú Ìkòròdú. Àpápá, Ikeja GRA, Ìkòyí àti Victoria Island ni kò mú. Ìtanràn rẹ̀ ni ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ onílé ṣì ń bèèrè, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ń wá ilé lójú méjèèjì kì í fẹ́ bá onílé jà. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí òfin ṣe wí, n ó sì máa san tèmi déédéé.» Àwọn kan á gbà.

Rísíìtì jẹ́ ẹ̀tọ́ yín lábẹ́ òfin kan náà. Kí orúkọ yín, orúkọ onílé, àdírẹ́sì ilé, iye owó, ọjọ́ tí ẹ san án àti àsìkò tí owó náà dúró fún wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò ní ìwé rísíìtì nílé, ẹ lọ ra ọ̀kan fún un.

Kíá ló yẹ kí n sọ fún onílé àtijọ́ àbí kí n dúró?

Ẹ sọ fún un, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àdéhùn yín kò bá sọ iye àkókò, òfin 2011 yẹn sọ ọ́ fún tọ̀túntòsì: oṣù kan fún ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù mẹ́ta fún ẹni tó ń san lóṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, oṣù mẹ́fà fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún. Ẹ ya fọ́tò lẹ́tà náà kí ẹ tó fi lé e lọ́wọ́. Ẹ̀mí kan wà tí í bá onílé bí ó bá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé ayálégbé òun ń kó lọ. Ẹ má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ẹ ṣì máa nílò rẹ̀ fún owó ìdógò yín.

Kí ni kí n ṣe nípa iná?

Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú mítà ilé tuntun sílẹ̀, kí ẹ sì ra iná kékeré kan sórí rẹ̀ kí ẹ tó kó dé. Bí gbèsè àtijọ́ bá wà lórí mítà náà, ọjọ́ yẹn lẹ ó mọ̀: owó tí ẹ san kò ní bá iná tó wọlé mu. Kí onílé yanjú rẹ̀ nígbà tí ẹrù yín ṣì wà níbòmíràn.

Ẹ bèèrè Band pẹ̀lú, ìyẹn ìpele tí ilé iṣẹ́ iná pín òpópónà yín sí. Band A ni wọ́n ń retí pé kó ní iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, Band B 16, Band C 12, Band D 8, Band E 4. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni owó Band A ti fò sókè kọjá ti àwọn yòókù. Òpópónà méjì tó fara kanra lè má sí ní Band kan náà, nítorí ìlà iná tó gbé wọn yàtọ̀. Ẹni tó ń ta áísì bulọ́ọ̀kù tàbí tó ń ránṣọ gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó fọwọ́ síwèé.

Irú ọkọ̀ wo ni kí n gbà?

Yàrá kan: kórópe (bọ́ọ̀sì kékeré) méjì tàbí bọ́ọ̀sì kan tí a yọ àga rẹ̀. Yàrá kan àti pálọ̀: káńtà kékeré. Fúláàtì: káńtà gígùn, kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ má gbà pé ọkọ̀ kékeré á rìn lẹ́ẹ̀mẹta nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Nígbà tó bá máa fi rìn lẹ́ẹ̀kẹta, oòrùn ti wọ̀, awakọ̀ ti ń bínú, ọmọ yín kan sì ti dá dúró ti ẹrù níta láti àárọ̀.

Ẹ pe awakọ̀ wá wo ẹrù kó tó dá owó. Ẹ má gbé e lé orí fóònù. Kí ẹ tó gbà lórí iye, kí ẹ sọ̀rọ̀ lórí nǹkan wọ̀nyí: ta ni yóò sanwó àwọn tó ń gbé ẹrù sókè àti sísàlẹ̀? Àtẹ̀gùn mélòó ló wà? Bí ọkọ̀ kò bá lè dé ẹnu géètì ńkọ́? Bí ọ̀nà bá dí tí a pẹ́? Kí ẹ san ìdajì nígbà tí ẹrù bá gbéra, kí ìyókù dọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹrù ìkẹyìn bá wọlé. Bí ọ̀nà àdúgbò yín kò bá dára, ẹ fi ọkọ̀ rẹ̀ mú un lọ wò ó lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ fún un lówó epo. Èmi kọ́ èyí lójú ogun.

Lọ́dún kan, nínú oṣù Keje, a gbé ẹrù tọkọtaya kan lọ sí ẹ̀yìn Ìgbògbò. Wọ́n ní ọ̀nà dára, mo gbà wọ́n gbọ́, mi ò lọ wò ó. Káńtà wa rì ní bíi òpó iná mẹ́ta sí ilé wọn. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni. Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò náà kó pákó wá, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ táyà, pákó náà ń fò jáde bí ọta. Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ la tó kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì tí ìyàwó náà fi owó ajọ rà rin gbingbin, ó sì jókòó lórí bókẹ́ẹ̀tì lábẹ́ agbòòrùn láì sọ ohunkóhun. Mo ṣì ń rí ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mi ò bá fẹsẹ̀ mi rin ọ̀nà kan, ẹrù ẹnikẹ́ni kò gba ibẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Àwọn ọmọ àdúgbò á béèrè owó. Báwo ni kí n ṣe é?

Ẹ lọ rí wọn ṣáájú, tàbí kí onílé tuntun bá yín lọ. Ẹ bèèrè ẹni tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, CDA, kó mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ báyìí. Bí alága bá ti mọ̀ yín, ohùn àwọn ọmọ náà máa ń rọlẹ̀. Ọjọ́ ìkẹ́rù, ẹ̀yin tàbí ẹ̀gbọ́n kan tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ ni kó dá wọn lóhùn, kì í ṣe awakọ̀. Ẹ kí wọn, ẹ má kígbe, ẹ má sì mú owó púpọ̀ jáde lápò lójú wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹ bá gba méjì nínú wọn síṣẹ́ ẹrù gbígbé, wọ́n á ṣe é tọkàntọkàn, nítorí ẹ ti di ará ilé.

Báwo ni a ṣe ń di ẹrù tí kò fi ní fọ́?

Páálí kékeré fún ohun tó wúwo, páálí ńlá fún ohun tó fúyẹ́. Ìwé nínú páálí ńlá, ìdí rẹ̀ á já sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọjà Sábo àti níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta Indomie, ẹ ó rí páálí rà ní owó pọ́ọ́kú bí ẹ bá tètè bá wọn sọ̀rọ̀. Báàgì Ghana-must-go dára fún aṣọ, kò dára fún abọ́.

Ní ti abọ́ tánganran, ẹ wo bí mo ṣe ń ṣe é. N ó tẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ti rún sísàlẹ̀ páálí, kó ga tó ìka mẹ́ta. N ó fi ìwé kan wé abọ́ kan, n ó sì dá a dúró lórí etí rẹ̀, bí a ṣe ń to ìwé sórí pẹpẹ. N kì í tò wọ́n lélẹ̀ lórí ara wọn, nítorí bí ọkọ̀ bá wọ kòtò, gbogbo ìwọ̀n àwọn tó wà lókè á já lé èyí tó wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá dúró lórí etí, wọ́n á kàn gbọ̀n. N ó ki aṣọ ìnura sí àárín wọn. Nígbà tí mo bá mi páálí náà díẹ̀ tí mo ṣì gbọ́ ìró, kò tíì kún tó.

Ẹ fi mákà kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ páálí, kì í ṣe sórí rẹ̀, nítorí páálí mìíràn á bo orí. Ẹ kọ yàrá tó ń lọ àti ohun mẹ́ta tó wà níbẹ̀.

Ohun tó wúwo ni kó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, kó sì wà nísàlẹ̀. Ó dà bí ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Màmá àgbàlagbà kan ní Ìtámagà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọlọ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fún un lọ́dún tó ṣègbéyàwó, ó ní àárín rẹ̀ ti jìn bí àtẹ́lẹwọ́ nítorí ata tí wọ́n ti lọ̀ lórí rẹ̀. A bọ̀wọ̀ fún un, a fi ọlọ náà sílẹ̀ dìgbà ìkẹyìn. Nígbà tí ọkọ̀ ti kún, ọmọ rẹ̀ kan gbé e sórí sítóòfù gáàsì onígíláàsì pé ibẹ̀ tẹ́jú. Kòtò àkọ́kọ́ tí a bọ́ sí, gíláàsì náà fọ́ yányán. Ọlọ kò ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá ní ọlọ, odó tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ onírin, orí ilẹ̀ ọkọ̀ ni àyè wọn, lẹ́yìn awakọ̀ gan-an, kí a fi àkísà há wọn.

Fíríìjì, gáàsì, jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì ńkọ́?

Ẹ pa fíríìjì lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí áísì rẹ̀ yọ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Ìdúró ni kí ó rìn. Bí kò bá sí ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n fi tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀, òróró inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á ti ṣàn wọ inú páìpù. Ẹ jẹ́ kó dúró dọjọ́ kejì kí ẹ tó ki í bọ iná. Bó bá sì jẹ́ pé ìdúró ló rìn, ẹ ṣì fún un ní wákàtí díẹ̀.

Sílíńdà gáàsì: ẹ pa á, ẹ tú rẹgúlétọ̀ àti páìpù tó wà lórí rẹ̀ kúrò, kó rìn ní ìdúró lẹ́yìn ọkọ̀ tó ṣí sí afẹ́fẹ́, kì í ṣe nínú kórópe pẹ̀lú èèyàn. Jẹnẹrétọ̀, ẹ fa epo inú táǹkì rẹ̀ sílẹ̀ pátá. Bátìrì inverter olómi kò gbọdọ̀ tẹ̀, ásíìdì rẹ̀ á jó aṣọ àti awọ ara. Ẹ má gbé nǹkan irin lé orí rẹ̀.

Àwọn ìwé àti ohun ọ̀ṣọ́?

Ara yín ni kí wọ́n wà. Ìwé ẹ̀rí, rísíìtì owó ilé, NIN, ìwé ọmọ, wúrà, oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́: báàgì kan, èjìká ẹnìkan, kó má ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ṣé a lè kó lálẹ́?

Mi ò gbà yín níyànjú. Ọlọ́pàá á dá ẹrù dúró lálẹ́, wọ́n á sì bèèrè ibi tí ẹ ti rí fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n. Lọ́sàn-án pàápàá, ẹ fi rísíìtì ohun olówó ńlá sínú báàgì yẹn. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó.

Àwọn ọmọ àti àwọn àgbà nílé ńkọ́?

Ọmọ kékeré kò ní iṣẹ́ níbi ìkẹ́rù. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹbí fún ọjọ́ kan. Èyí tó ti tó ọdún méje sókè, ẹ jẹ́ kó di páálí tirẹ̀, kó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Mo ti rí i pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sunkún ilé àtijọ́ púpọ̀. Bí ọmọ bá máa pààrọ̀ ilé ìwé, ẹ dúró kí táàmù parí.

Ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà yẹ kó ti rí ilé náà kí ọjọ́ tó pé. Ẹ jẹ́ kó jókòó níbẹ̀, kó mọ ọ̀nà ilé ìtura lójú òkùnkùn. Yàrá tiwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ tò, kí bẹ́ẹ̀dì wọn ti wà nílẹ̀ kí agogo méjì ọ̀sán tó lù.

Kí ni a ń kọ́kọ́ gbé wọlé?

Kálukú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ́kọ́ gbé Bíbélì tàbí Kùráánì wọlé, àwọn mìíràn omi tútù àti iyọ̀, kí ayé ibẹ̀ lè tutù kó sì dùn. Èmi máa ń dúró síta títí wọ́n á fi gbàdúrà tán, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Lẹ́yìn àdúrà, ìgbálẹ̀. Ẹ gbá ilé kí ẹrù tó wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn náà ohun ìdáná. Ẹ ti se ìrẹsì tàbí mọ́ínmọ́ín lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó tó gbogbo ẹni tó ń gbé ẹrù. Ẹ má gbára lé pé ẹ ó dáná lọ́jọ́ náà. Ṣíbí, ife, omi ọ̀rá, gílóòbù kan, tọ́ọ̀ṣì, bébà ìnùdí àti aṣọ ìpààrọ̀ kọ̀ọ̀kan, inú báàgì kan ṣoṣo, báàgì náà á sì wọ ọkọ̀ kẹ́yìn.

Báwo ni kí n ṣe fi ilé àtijọ́ sílẹ̀?

Kó mọ́. Ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá lẹ́yìn tí ó bá ti ṣófo, ẹ ya ojú mítà, kí onílé tàbí aṣojú rẹ̀ wò ó pẹ̀lú yín kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Owó ìdógò tí ẹ san nígbà tí ẹ wọlé, ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ san owó ilẹ̀ gbígbá àti owó omi tó bá kù. Ẹ dágbére fún àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀, nítorí ẹnìkan á ṣì wá yín wá síbẹ̀.

A ti dé. Kí ló kàn?

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹ lọ kí ará ilé ọ̀tún àti tòsì. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí máa ń wá, ọjọ́ ìpàdé àdúgbò, owó ọlọ́dẹ, àti agogo tí wọ́n ń ti géètì òpópónà. Ẹ bèèrè ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù, ẹ rìn débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọmọ.

Ẹ má gbìyànjú láti tú gbogbo ẹrù lọ́jọ́ kan. Yàrá ìdáná àti ibi ìsùn tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Kí ni kí n fi páálí ṣe?

Ẹ má sun ún. Ẹ tú téèpù rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ fi okùn dì í, kí ẹ gbé e sórí ohun tí ọ̀rinrin kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan tó ń kó kúrò ní Ìṣáwo wá páálí títí kò rí. Ìyá kan tí a kẹ́rù rẹ̀ wá sí Ágíríìkì lóṣù tó kọjá ló ní ogún páálí nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì lọ bá a gbé e.